Ọjọ́ tí Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Lọ Fi Okùn Mú Akàn

Inú oṣù kejì tí ìyá ọkọ mi dé ilé wa ní Ìgàndó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù wọn. Wọn kì í bú mi o. Ká ní wọ́n ń bú mi ni, ǹ bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọn á dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ orí mi ni wọ́n á máa wò, bí ẹni pé ẹlòmíì ló dúró sẹ́yìn mi. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọn á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́ etí abọ́ yí ká, wọn á rọra bù ú wò, bí ẹni pé mo bu nǹkan sí i. Lọ́jọ́ kan mo pàdé wọn lẹ́nu géètì. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọ́n kọjá lára mi, wọn ò ya ẹnu. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe.

Orí òkè ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ kò ju odò tí a ti ń fọ aṣọ lọ. Màmá ní tiwọn, ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Akàn ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà. Wọ́n ń mú un, wọ́n ń tà á, èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á sè é fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n wá ṣubú létí omi tí itan wọn wú, ọkọ mi lọ kó wọn wá, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́.

Ilé tí a háyà kò tóbi. Bí afẹ́fẹ́ bá sì yí sọ́dọ̀ wa, òórùn ààtàn ńlá tó wà lójú ọ̀nà á wọlé wá bá wa nídìí oúnjẹ. Màmá á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ. Bí wọ́n bá wọ sùtánà funfun wọn láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ náà á kàn so rọ̀ lára wọn ni.

Mo gbìyànjú. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń gba àlejò níbẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yà sí ọjà Ìkọ̀tún, mo ra akàn, mo fọ̀ ọ́, mo sè é. Màmá mú ẹyọ kan, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì dá a padà sínú abọ́.

"Èyí ti kú kí wọ́n tó gbé e dé ọjà."

"Ẹ má bínú, Màmá. Kí lẹ wá fẹ́ kí n sè?"

"Akàn tí mo bá fi ọwọ́ ara mi mú."

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ẹ̀rín ló fi rín. Ó ní kí n má dá Màmá lóhùn, pé kò sí ohun tó tún ń gbé wọn lọ sójú omi mọ́ láyé yìí. Ọmọ wọn ni, ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń rí abọ́ tó ń padà sí kíṣìnnì pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìsinmi ìjọba kan dé, tí ọkọ mi sì lọ síbi iṣẹ́ ní tirẹ̀, mo tọ Màmá lọ ní yàrá.

"Màmá, ẹ wọṣọ. Ẹ jẹ́ ká lọ mú akàn yín."

 Wọ́n ti wọṣọ tán kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ ilé.

A ra orí ẹja tútù àti ìfun adìẹ ní Ìkọ̀tún, ìyẹn ìjẹ tí a fẹ́ fi tan akàn, a sì wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀gùn. Níbi tí ọkọ̀ já wa sí, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé etí omi. Jálẹ̀ gbogbo ọ̀nà, Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo rò pé itan tó ń dùn wọ́n ni.

Bàbá kan ń kan ọkọ̀ létí omi níbẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá Màmá ni. Ó ju òòlù sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Nígbà tí Màmá ní kó yá wa ní ọkọ̀, ó wo itan wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa tù ú? Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Ìwọ tí mo kọ́ ní ọkọ̀ títù? Máa kan pákó rẹ, jàre."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó kọjú sí èmi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nawọ́ sí àwọn òpó kan tí àwọn apẹja ti rì mọ́ inú omi, lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ má kọjá àwọn òpó yẹn o. Ojú ibú ló wà lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn ń gbà, wọn kì í sì í dúró fún ẹnikẹ́ni."

Ọkọ̀ tó yá wa, pẹ̀lú okùn, àwọ̀n kékeré àti apẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, ó mì lọ́tùn-ún lósì, mo sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Màmá ti jókòó sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yìn wọn nàró. N kò rí wọn kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wa.

"Jókòó síwájú. Má dìde fún ohunkóhun. Òpó tó ga jù nínú wọn ni kí o máa wò. Bí orí ọkọ̀ bá yà kúrò níbẹ̀, sọ fún mi."

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi. Mò ń sọ pé, "Ó yà sọ́tùn-ún, mà," wọ́n á sì fi àjẹ̀ tẹ omi lẹ́ẹ̀kan, orí ọkọ̀ á padà. Báyìí la ṣe dé ibi òpó. Èmi ni mo so okùn ọkọ̀ mọ́ ọn.

Okùn tí a fi ń mú akàn kò ní ìwọ̀. Ìjẹ ni wọ́n so mọ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú òkúta kékeré tó máa fà á dé ilẹ̀. Akàn fúnra rẹ̀ ló máa di ìjẹ náà mú, ojúkòkòrò rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó jọ̀wọ́ rẹ̀, àfi bí ó bá rí ojú ọ̀run. Nítorí náà, wàá rọra fà á, wàá sì ti àwọ̀n kékeré bọ abẹ́ rẹ̀ kó tó yọ sókè.

Màmá ju okùn tiwọn. Wọ́n fi ìka méjì dì í mú, wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Èmi náà ju tèmi. Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi fà á, pẹ́rẹ́ báyìí. Mo fà á kíá. Ìjẹ jáde lófìfo, apá kan rẹ̀ ti já lọ.

"O fà á bí ẹni ń fa omi kànga," ni Màmá wí. "Akàn kì í ṣe òmùgọ̀. Jẹ́ kó rò pé òun ló ń fà ẹ́."

Mo tún un jù. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo mú sùúrù. Okùn náà ń wúwo lọ́wọ́ mi. Mi ò rí nǹkan kan nínú omi dúdú náà, ṣùgbọ́n Màmá ti na ọwọ́ wá síwájú, wọ́n fọwọ́ kan okùn mi.

"Ó ti sún mọ́ òkè. Bù ú! Bù ú báyìí!"

Mo ti àwọ̀n bọ omi. Nígbà tí mo gbé e sókè, akàn kan tó gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin ń na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi nínú àwọ̀n. Mo kígbe. Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti inú wá ni, mo sì rí i pé eyín iwájú wọn ní àlàfo bíi ti ọkọ mi gẹ́lẹ́. A dà á sínú apẹ̀rẹ̀, a fi ìdérí dé e. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Mo ti ń gbàgbé omi tó wà lábẹ́ mi.

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ yí padà. Mo gbójú sókè, mo rí ohun kan tó jọ pápá oko tí wọ́n gé kúrò lára ilẹ̀, tó ń bọ̀ lójú omi. Ewé ojúoró ni, ó ti wé mọ́ ara rẹ̀ títí ó fi tóbi ju àgbàlá ilé wa lọ.

"Màmá, ewé ń bọ̀."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó tóbi, mà. Òun nìyẹn lápá ọ̀dọ̀ yín."

"Mo ní báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ohùn wọn le. Mo wo ojú wọn. Ọ̀nà tí ewé náà ń gbà bọ̀ kọ́ ni wọ́n kọjú sí. N kò tíì rí èsì fọ̀ tí ó fi kọlù wá. Kò pariwo rárá. Ó kàn fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọkọ̀, ó sì ń tì í. Òpó tí mo so wá mọ́ dún kẹ́kẹ́, ó sì kán nísàlẹ̀, níbi tí omi ti jẹ ẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwa, òpó àti ewé.

Màmá ki àjẹ̀ bọ omi, wọ́n ń tù kíkankíkan. Mo rí i pé etí omi ń jìnnà sí wa.

"Màmá, ibú la ń lọ!"

"Àwọn igi etí omi ńkọ́? Ṣebí ọwọ́ ọ̀tún wa ni wọ́n wà?"

"Ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà, mà! Ẹ̀yìn wa!"

Àjẹ̀ dúró lọ́wọ́ wọn.  Omi ń kán láti ẹnu àjẹ̀ sórí ìró wọn.

"Ìyàwó," ni wọ́n wá wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an, "mi ò ríran."

"Ẹ ò ríran báwo?"

"Ojú òsì ti lọ tipẹ́. Èyí tó kù yìí, bí ìgbà téèyàn bá wo òde láti inú igò ni. Mò ń rí ìmọ́lẹ̀. Mò ń rí òjìji rẹ. Ojú rẹ gan-an, mi ò rí i rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Géètì. Abọ́ oúnjẹ. Gbogbo àárọ̀ tí mo ti kúnlẹ̀ tí mo sì dìde pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n n kò ní àyè láti ronú, torí pé Màmá ti gbé etí sókè.

"Ẹ́ńjìnnì ń bọ̀. Apá ibo ni?"

Mo wò yíká. Ọkọ̀ iyanrìn kan ń yọ láti ibi tí omi ti yà, ó kún débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ojú ọ̀nà tirẹ̀ gan-an la dúró sí.

"Ọwọ́ òsì wa, mà. Ó ń bọ̀ tààrà!"

"Gbọ́. Ọwọ́ mi ṣì lágbára. Ìwọ ni kí o máa wò. Má sunkún, sọ̀rọ̀. Ibo ni orí ọkọ̀ wa kọjú sí?"

"Ewé ń yí i sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ibo ni ewé ti fẹ́lẹ́ jù?"

"Ọwọ́ ọ̀tún."

Wọ́n tù. Mo na ọwọ́ méjèèjì sínú omi, mò ń fa ewé ojúoró sẹ́yìn, mò ń já a, mò ń pariwo, "Ọ̀tún! Ọ̀tún sí i, mà! Ó tó!" Àwọn ọkùnrin tó wà lórí ọkọ̀ iyanrìn ti rí wa. Wọ́n ń ju ọwọ́, wọ́n ń bú wa, ṣùgbọ́n ẹrù ọkọ̀ wọn kò jẹ́ kó lè yà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sún mọ́ wa débi pé mo gbọ́ òórùn epo díísù ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Kò tíì tán," ni Màmá wí. "Ìgbì rẹ̀ ń bọ̀. Sọ fún mi ibi tó ti ń bọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ orí ọkọ̀ sí i. Bí ó bá gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí."

"Òsì díẹ̀, mà. Díẹ̀ sí i. Òun rèé!"

Ìgbì àkọ́kọ́ gbé mi sókè, ó sì jù mí sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ dojú dé. Gbogbo akàn tí a ti mú tú síta, wọ́n ń sáré kiri nínú omi tó ti wọ ọkọ̀, láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, ọkọ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀!" ni Màmá ké.

"Akàn ti tú, Màmá!"

"Jẹ́ kí wọ́n gé ẹ! Ẹsẹ̀ á jinná. Má mira!"

Mo gbé ẹsẹ̀ mi padà sáàárín wọn. Ọ̀kan di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi mú. Ìrora náà gùn mí dé àyà, mo fi eyín gé ètè, n kò mira. Ìgbì kejì dé. Ẹ̀kẹta dé, kò lágbára tó méjì ìṣáájú. Mò ń sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, Màmá ń yí orí ọkọ̀ sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sunkún, tí mò ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí omi padà tẹ́jú, mo rí i pé akàn náà ṣì dì mí mú.

"Rọra fọ́ ọwọ́ rẹ̀," ni Màmá wí. "Má fà á. Lẹ́yìn náà kí o gbọ́n omi."

Kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n gé sí méjì wà lábẹ́ pákó ìjókòó. Mo fi gbọ́n omi títí apá fi ń ro mí. Ọ̀nà tí a gbà wá ti dí, ewé ti bò ó. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn igi etí omi, níbi tí gbòǹgbò wọn ti dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ alántakùn. Mò ń ti ewé sẹ́yìn, mò ń bẹ̀rù ejò, Màmá ń tù. Nígbà tí àjẹ̀ kò wọ omi mọ́, wọ́n fi ọ̀pá rẹ̀ ti ọkọ̀ lórí ẹrẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kò ju ọ̀tún àti òsì lọ.

Bàbá tó ń kan ọkọ̀ ti dúró sínú omi dé orókún, ó ń wá wa. Bí mo ṣe rí i, Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n di èjìká mi mú.

"Má sọ fún un. Má sọ fún ọmọ mi náà. Bí ó bá gbọ́, á so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́."

Mo kọjú sí etí omi. Bàbá náà fa ọkọ̀ wa gúnlẹ̀, ó ń bá wa wí, Màmá sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ewé kékeré ló dá wa dúró. Mo wo ọwọ́ wọn. Àjẹ̀ ti bó o, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀.

A ṣa àwọn akàn tó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀. Nígbà tí a délé, mo sè wọ́n pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, wọ́n ń fọ́ ọwọ́ akàn, wọ́n ń fà á mu, omi ata ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọ́n tún béèrè ẹ̀kọ lé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n béèrè oúnjẹ.

Ìdí oúnjẹ náà ni ọkọ mi ti bá wa nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wo akàn, ó wo aṣọ tí mo fi wé ẹsẹ̀.

"Kí ló gé ẹ?"

"Akàn," ni Màmá dáhùn kí n tó la ẹnu. "Èmi àti ìyàwó mi lọ sójú omi. A gbádùn ara wa."

Ọkọ mi wò mí. Mo mọ̀ pé mo lè dákẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, Màmá á máa pè mí ní ìyàwó òun báyìí títí ayé. Mo tún rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń tù wá lọ sójú ibú, tí ojú wọn là sílẹ̀ gbangba. Bí mo bá sì fẹ́ sọ ọ́, n kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn wọn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ni mo wí. Mo kúnlẹ̀. "Olówó orí mi, ojú ń dun Màmá. Wọn ò ríran."

Ọwọ́ akàn bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú abọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀, ó na ìka mẹ́ta síwájú wọn.

"Màmá, mélòó nìyí?"

Wọn ò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Apá ibi tí mo wà ni wọ́n kọjú sí.

"O tà mí," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n tọ́ ara ògiri wọ yàrá lọ.

Ní ọsibítù, dókítà sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè rí ṣe sí ojú òsì mọ́. Tọ̀tún, oògùn tí a ń kán lójú kò lè dá ohun tó ti lọ padà, àmọ́ ó lè jẹ́ kí èyí tó kù dúró, bí a kò bá pa ọjọ́ kankan jẹ. Ọkọ mi ló ń kán an fún wọn. Màmá kò gbà kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á dáhùn, ó tán. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń bínú sí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ibi iṣẹ́ ọkọ mi tó ní kó máa wá ní kùtùkùtù. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lọ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá pẹ̀lú ìgò oògùn náà. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo kí wọn, mo dúró. Mo ti fẹ́ máa padà lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí sẹ́yìn, tí wọ́n gbójú sókè.

Mo fi ìka la ojú ọ̀tún, mo kán an sí i. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ojú kejì ńkọ́?"

"Màmá, dókítà ní ìyẹn ò nílò rẹ̀ mọ́."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí. Kán an sí i, kó má baà máa jowú èkejì."

Mo kán an sí i.